Àwòrán Ìdílé Boyer

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ Ephraim Boyer lọ sí kóòtù ní Filadẹ́fíà, ọdún 1851 kù díẹ̀ kó parí, yìnyín sì bo gbogbo títì bí òwú. Keturah ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ tí wọ́n bí lómìnira, kò ráyè pààrọ̀ aṣọ. Òórùn ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọ kóòtù.

Àwòrán ló fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọ̀gbẹ́ni Ludlow, òyìnbó ayàwòrán kan tó kórìíra òwò ẹrú, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó fún òun: kí baba máa ka Bíbélì, kí ìyá máa ránṣọ, kí Tamar ọmọbìnrin wọn jókòó ti ẹsẹ̀ wọn. Ó fẹ́ kí ayé rí bí ilé ẹni tó bọ́ lóko ẹrú ṣe ń tòrò. Ephraim kọ̀ jálẹ̀, nítorí sísá ló sá kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Maryland.

"Wọ́n ti ta ojú yìí lọ́jà rí, Keturah. Ṣé ká tún un tà ni?"

"Baba Tamar, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá àwòrán náà ló máa tú àwọn ẹrú tó kù sílẹ̀."

Ó gbà. Wọ́n tẹ àwòrán náà lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀kan sì dé Maryland. Ìránṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ́wọ́ wá sí kóòtù, ó ní kí wọ́n dá Ephraim padà sóko ẹrú. Àpá orí ojú òsì Ephraim hàn nínú rẹ̀ kedere.

Òfin ò gba ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹrú tó sá láyè láti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Keturah ló gbé Bíbélì, ó sì búra èké.

"Ọkọ mi kọ́ ló wà nínú àwòrán yìí. Ayàwòrán ló finú ara rẹ̀ rò ó."

"Ẹ pe ayàwòrán wá," ni adájọ́ wí.

Keturah tẹjú mọ́ Ludlow bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń wo okùn. Ọkùnrin náà ṣí fìlà.

"Mi ò lè purọ́ níwájú Ọlọ́run. Òun ni mo yà."

Adájọ́ ní kí wọ́n dá Ephraim padà sí Maryland. Ṣẹkẹṣẹkẹ dún. Ephraim yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Gbé Tamar lọ sí Kánádà, níbi tí ọwọ́ wọn ò ti lè tó yín. Lónìí!"

Ludlow sáré bá Keturah lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. "Arábìnrin, dárí jì mí. Mi ò purọ́ rí láyé mi."

"Mo mọ̀, sà," ni Keturah wí. "Ìdí nìyẹn tí ẹyọ irọ́ kan péré látẹnu yín ì bá fi tó wa."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ogun ti jà, ẹrú ti tán nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Keturah kọ̀wé láti Kánádà sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú tó gbọ́ orúkọ wọn, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí Ephraim. Títí Keturah fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá bi í bóyá opó ni, a máa fèsì pé, "Ẹ bá mi bi wọ́n ní Maryland."