Orúkọ Ajá Márùn-ún

Obìnrin náà jókòó sí àárín títì. Okùn márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ajá márùn-ún sì ń fà á sí ọ̀nà márùn-ún. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò jẹ́ kí okùn kankan bọ́.

Ilésanmí rí i láti orí ọ̀kadà rẹ̀. Iṣu ló dì sẹ́yìn, láti oko rẹ̀ ní Etioro, ó ń gbé e lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Àwọn mọ́tò ń fọn fèrè. Àwọn èèyàn ń pariwo pé kó fi okùn sílẹ̀. Obìnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ti Ilésanmí. Kò sí ẹkún níbẹ̀. Kò sí ìtìjú. Ó dà bí ẹni tó ti pinnu pé ibẹ̀ lòun máa kú sí, bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Ilésanmí fi tọ́ ajá fún ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kan lókèèrè kó tó padà wálé wá dáko. Ó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbé ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sáré sí àwọn ajá náà. Ó lọ jókòó sílẹ̀ nítòsí wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó yọ ẹja gbígbẹ tó fẹ́ fi jẹ̀bà lọ́sàn-án nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a wẹ́wẹ́.

Abo dúdú kan nínú wọn ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó kù ń wo abo dúdú. Lọ́kọ̀ọ̀kan, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ẹ ṣé, sà," obìnrin náà wí. "Ṣé oògùn lẹ lò ni?"

"Ẹja ni."

"Mò ń kó wọn lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran."

"Ẹ̀yin lẹ ń kó wọn lọ, àbí àwọn ló ń kó yín lọ?"

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi wá bàtà mi kí ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wá a. Inú gọ́tà ló ti bá a.

Mọ́júbọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbé, Tíṣà Èsékíẹ́lì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ló ni ajá.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó sọ ohun tó wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ajá náà bẹ́ jáde lásùbáà, wọ́n fa jalabíà Àlàájì Suleiman aládùúgbò wọn ya bó ṣe ń lọ kírun. Ẹ̀ẹ̀meje ni Àlàájì fọ aṣọ náà, ó fi erùpẹ̀ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n fọ ohun tí itọ́ ajá bá kàn, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò jókòó. Oṣù kan ni wọ́n fún Tíṣà. Bí ajá kò bá tòrò, ẹlẹ́ran ajá yóò wá kó wọn.

"Bí wọ́n bá kó wọn, bàbá mi ò ní pẹ́ láyé," ó ní. "Àwọn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ọkọ. Èèyàn méjì ti wá tọrọ mi. Ẹni àkọ́kọ́ ò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kejì dé ibẹ̀, ó fi ṣòkòtò sílẹ̀."

Ilésanmí kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ṣòkòtò tara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Mọ́júbọ́lá rẹ́rìn-ín.

"Màá wá bá yín tọ́ wọn," Ilésanmí wí.

Abẹ́ àpáta ni ilé Tíṣà wà. Àpáta náà ga sókè ilé bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Sàréè ìyá Mọ́júbọ́lá wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, orí rẹ̀ sì ni abo dúdú máa ń sùn.

Tíṣà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilésanmí dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọ̀kà, sà."

Bàbá náà wò ó títí.

"Kó tọ́ ajá," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kó má wọ yàrá mi." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú," Mọ́júbọ́lá wí. "Ará Ọ̀kà ni ìyá mi."

Wọ́n jókòó wá ìdí ẹbí. Àdúgbò ìyá rẹ̀ yàtọ̀, ilé wọn yàtọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa wọ́n pọ̀. Inú Ilésanmí dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mú àwọn ajá náà. Kò kó wọn pọ̀. Bí ajá bá fa okùn, á dúró bí igi. Bí okùn bá rọ̀, á rìn. Kò lu ọ̀kankan. Abọ́ oúnjẹ kì í kanlẹ̀ àfi bí ìdí ajá bá kanlẹ̀. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì márùn-ún, kálukú ní tirẹ̀. Kì í pe orúkọ wọn. Ó kàn máa ń fẹnu pòṣé díẹ̀, wọ́n á sì wò ó.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ilé máa lò," ó ní. "Bí ẹ bá ní 'síìt', tí Bàbá ní 'jókòó', tí ará ilé kejì ní 'kúrò níbẹ̀', ti ta ni kí ajá gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n alájá, èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kọ́ mi?"

"Ẹ ti mọ 'jókòó'. Ẹ ṣe é láàárín títì."

Mọ́júbọ́lá da omi inú ife lé e lórí. Ajá márààrún jókòó, wọ́n ń wò wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ilésanmí tú okùn abo dúdú, ó sún sẹ́yìn. Kò sí ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá náà kò sá. Ó jókòó, ó gbójú sókè, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Oòrùn wà lára àpáta. Ojú ajá náà dà bí omi jíjìn tí èèyàn ń wò láti etí kànga.

Mọ́júbọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. "Ó ń gbọ́ yín."

"Ó ti ń gbọ́ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ni."

Wọn ò mọ ìgbà tí ọwọ́ wọn kanra.

"Nọ́ọ̀sì," Ilésanmí wí nígbà tó yá, "bí mo bá tọ́ wọn tán, mi ò ní ìdí tí màá fi máa wá mọ́."

"Ẹ rọra tọ́ wọn."

"Oṣù kan ni wọ́n fún wa."

"Ẹ wá ìdí mìíràn." Ajá ló kọjú sí nígbà tó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, Tíṣà á ṣí fèrèsé, á kígbe orúkọ ajá rẹ̀ sórí ògiri ọgbà. "Ẹ̀sanńbọ̀! Kòsọ́rẹ̀ẹ́! Ojúlarí! Ìkàkòpẹ́! Wọnòwá!" Lójú ẹsẹ̀, àwọn ajá tó ti jókòó jẹ́jẹ́ á fọ́n ká, wọ́n á máa gbó, wọ́n á máa bu ara wọn jẹ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ àṣà yìí nílẹ̀ wa. Ẹni tí kò lè bá ọ̀tá rẹ̀ sọ̀rọ̀ á sọ ajá lórúkọ, á sì máa pè é.

"Ta ló ń pè?" Ilésanmí béèrè.

Mọ́júbọ́lá wo sàréè. "Nígbà tí Màmá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e wá sí Ọ̀kà. Bàbá ní ìyàwó òun ò ní kúrò nílé òun. Wọn ò wá síbi ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan fún un ní ọmọ ajá márùn-ún."

"Ìyẹn ló fi jẹ́ Wọnòwá."

"Abo dúdú nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ilésanmí lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Bàbá.

"Sà, àwọn ajá yìí ò burú. Ẹ kì í pè wọ́n. Àwọn àna yín lẹ ń pè. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ wọn, ìjà ni wọ́n gbọ́. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ mìíràn."

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ará Ọ̀kà ni yóò kọ́ mi lórúkọ tí màá sọ ajá mi." Ohùn Tíṣà kò ga. "Jáde."

Ilésanmí dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

Mọ́júbọ́lá sáré bá a nídìí ọ̀kadà. "Ẹ padà wá lọ́la. Kì í sí nílé lọ́sàn-án."

"Bàbá ló nilé. Bí mo bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, olè ni mí. Mi ò ní fẹ́ ọ báyẹn."

"Kí lẹ wí?"

"O ti gbọ́." Ó ta ọ̀kadà, ó lọ.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Mọ́júbọ́lá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń se oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀, ó sì dúró.

"Bàbá, Màmá ò ránṣẹ́ ìjà sí ẹnikẹ́ni rí. Orí sàréè rẹ̀ lẹ ti ń ránṣẹ́ ìjà sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tíṣà jáde. Ìkùukùu wà lórí àpáta. Ó lọ sábẹ́ máńgòrò, ó fọwọ́ ti ìdí igi, ó rọra jókòó sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Kò jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Abo dúdú dìde, ó sún sẹ́yìn. Ó ń dúró de igbe.

"Dúdú," Tíṣà wí.

Ajá náà kò mọ orúkọ yẹn. Ó dúró.

"Dúdú." Ohùn tó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé bá dákẹ́ ló lò. Kò lò ó láti ọdún mẹ́ta. Etí ajá náà nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó wá, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ bàbá náà.

Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún. Ó wo àwọn mẹ́rin tó kù, ó sọ wọ́n lórúkọ bí wọ́n ṣe rí. "Pupa. Funfun. Kékeré. Àgbà." Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

Mọ́júbọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀rù ń bà á láti mí, kó má baà ba ohun tó ń rí jẹ́.

"Mọ́jú," bàbá rẹ̀ pè, kò wẹ̀yìn. "Fi fóònù pe ará Ọ̀kà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù."

Ilésanmí dé kí omi tó hó lórí iná.

Ọjọ́ kẹta pé, lẹ́yìn tí Tíṣà àti Ilésanmí ti jọ fi orúkọ tuntun kọ́ àwọn ajá náà. Àwọn àgbà àdúgbò wá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ran ajá dúró ní òdìkejì títì, ilẹ̀kùn àgò irin rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Àdéhùn ni pé Àlàájì Suleiman yóò gba iwájú géètì kọjá nínú aṣọ funfun, géètì yóò wà ní ṣíṣí, kò ní sí okùn lọ́rùn ajá.

Ilésanmí sún mọ́ iwájú. Tíṣà gbọ́wọ́ sókè. "Ajá mi ni." Ó yíjú sí wọn. "Jókòó."

Ìdí márùn-ún kanlẹ̀.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ètè rẹ̀ ń mira. Ó dé àárín géètì. Àdìyẹ kan já jáde lábẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ran, ọmọ mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e, wọ́n gba ẹsẹ̀ Àlàájì kọjá sínú ọgbà.

Pupa dìde.

Mọ́júbọ́lá di apá Ilésanmí mú. Àlàájì dúró gan-an níbi tó wà.

Tíṣà kò kígbe. "Pupa," ó ní. Bẹ́ẹ̀ nìkan.

Ajá náà wo àdìyẹ. Ó wo Tíṣà. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jókòó. Àdìyẹ náà kó ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú imú márùn-ún, kò tilẹ̀ yára.

"Súbúhánálláhì," Àlàájì wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Àpáta dúró lókè, ajá jókòó nísàlẹ̀. Ẹlẹ́ran fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn àgò rẹ̀.

"Tíṣà," Àlàájì wí nígbà tó yá, "gbogbo ọmọ tí ẹ kọ́ níwèé, èwo ló jókòó báyìí rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Nígbà tí àwọn àgbà lọ tán, Ilésanmí dọ̀bálẹ̀. "Sà, Mọ́júbọ́lá ni mo wá tọrọ."

Tíṣà wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ̀.

"Mi ò lè dá ọ lóhùn," bàbá náà wí. "Ọmọ yìí ní ìdílé ìyá. Ìpín wọn wà nínú ẹrù ìdána. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò gbà á?" Ó wo sàréè. "Wá mọ́tò fún mi. Mi ò lè gun ọ̀kadà yẹn gun òkè Ọ̀kà."

Ọ̀sán ni wọ́n dé Ọ̀kà, Ilésanmí tẹ̀ lé mọ́tò náà lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Mọ́júbọ́lá wà ní ìjókòó níwájú ilé. Tíṣà kò kí i ní ìdúró. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan erùpẹ̀. Bàbá arúgbó náà rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, òun náà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ àna rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ojú ló tì wá láti wá," ó ní. "Dìde. Dìde, àna wa."

Mọ́júbọ́lá kọjú sí ògiri. Kò lè wò ó.

Wọ́n jẹun. Wọ́n dá oṣù ìgbéyàwó. Nígbà tí oòrùn rọ̀, Tíṣà pe ọmọ rẹ̀.

"Ibí ni màá sùn."

"Ta ni yóò fún ajá lóúnjẹ, Bàbá?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ tètè máa lọ, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Ilésanmí gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó gbé Mọ́júbọ́lá sẹ́yìn. Ní orí ìdagẹ̀rẹ̀, kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Mo gbà," Mọ́júbọ́lá wí.

"Mi ò tíì béèrè."

"Ẹ béèrè nígbà náà, olówó orí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró."

Ó béèrè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Mọ́júbọ́lá tún gbà.

Gbogbo ilẹ̀ Àkókó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Ìkùukùu ìrọ̀lẹ́ ti bo àwọn ìlú, orí àwọn àpáta nìkan ló yọ, wọ́n sì pupa. Mọ́júbọ́lá gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó ohun tí wọ́n ń wò.