Ní Wákàtí Mẹ́rin-Mẹ́rin

Ẹsẹ̀ ni Kareemat kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ ọkùnrin gbọọrọ tó yọ síta lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó ẹyin sí kó lè di òròmọdìyẹ, ní oko adìyẹ Màmá Kòfowórọlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìperu.

Ó gbé ìgbálẹ̀ sókè. "Olè! Jáde síbí!"

Ọkùnrin náà fa ara rẹ̀ jáde, eruku bò ó lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Màmá ni mí. Ayọ̀adé. Wọ́n ní ẹyin ń bàjẹ́, mo wá wo wáyà ni."

"Màmá yín ní oorun ni mò ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ẹ bá oorun mi lábẹ́ ibẹ̀?"

Ayọ̀adé, olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, bú sẹ́rìn-ín. Kareemat ò rẹ́rìn-ín. Ó já ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ìwọ̀n ooru ẹ̀rọ náà ló wà níbẹ̀, bí òun àti Wàsíù, tí wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ ọ̀sán àti òru, ṣe ń kọ ọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. "A ò fo ẹyọ kan."

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀adé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Kareemat ń pe nọ́ńbà, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ó kọ kóòdù tó ń yọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀.

"Ó kàn ń lọ sókè sódò ni. Mi ò rí nǹkan kan," Ayọ̀adé ní.

"Ẹ má wo bó ṣe já wálẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kó ka wákàtí tó wà láàárín ìgbà tó já wálẹ̀ àti ìgbà tó tún já."

Ó yí kóòdù náà padà. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ló kún ojú kọ̀ǹpútà dé ìsàlẹ̀.

Kareemat fò dìde. "Fíríísà Màmá!" Fíríísà ńlá tí wọ́n ń kó ẹran adìyẹ sí máa ń tan ara rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ojú iná kan náà lòun àti ẹ̀rọ ẹyin sì ń lò, tó bá ti tàn, iná ẹ̀rọ ẹyin á dín kù.

"Olóye mi," Ayọ̀adé ní.

"Ẹ rọra o. Ta ni tiyín?"

Wọ́n pe Màmá, wọ́n tan fíríísà. Ooru ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.

"Ó dáa," Màmá ní. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìta gbangba lẹ ti pè mí ní ọ̀lẹ. Ẹ sọ èyí náà níta."

Màmá sọ ọ́ níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí Ayọ̀adé, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní Kareemat lòun fẹ́ẹ́ fẹ́, Màmá fárígá.

"Ilé onígbàgbọ́ oní-Sábáàtì nilé yìí, Mùsùlùmí lòun. Kó ṣe ìrìbọmi, kó yí orúkọ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní dé ibi ìgbéyàwó náà."

"Orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyí, mà," Kareemat fèsì. "Mi ò ní yí i padà. Mi ò sì ní fọmọ yín sílẹ̀."

Ayọ̀adé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màámi, bó ṣe wà yìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ní Ṣàgámù. Bàbá Kareemat, Alájì Mọ́ṣúdù, jókòó níwájú. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Màmá, ṣófo. Akọ̀wé ń bi Kareemat lọ́wọ́ bóyá ó gbà láti fẹ́ Ayọ̀adé nígbà tí Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó dúró síbẹ̀, tó fajú ro.

Kareemat yíjú sí i. "Mo gbà á," ó ní, ohùn rẹ̀ ròkè.

Màmá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló rìn wọlé, tó kí Alájì, tó sì jókòó sórí àga tó ṣófo náà.