Àsíátù Tó Fi Ohùn Rẹ̀ Pamọ́

"Yanu, kí n rí i!"

Ìyá Àgbà di àgbọ̀n Àsíátù mú, ó yí ojú rẹ̀ sí oòrùn àárọ̀, ó sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Kò rí nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn Àsíátù kò há rárá. Láti àná ló kàn ti pa ẹnu mọ́, tó ń fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀fun.

Wòlímọ̀ ló fà á. Lọ́dún 1982 yìí, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ ilé kéwú Áfáà Bàṣírù ní Ṣakí yóò jókòó sórí ẹní níwájú gbogbo àdúgbò, tí wọn yóò máa ka Àlùkùránì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Àsíátù, ó sì mọ ibi tí yóò kà dunjú. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí ojú èrò báyìí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù, orí rẹ̀ á sì ṣófo. Ojú tì í láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bí ohùn òun bá "há", wọn á kàn yọ orúkọ òun kúrò, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ó gbàgbé pé ilé àwọn kì í tọ́jú àìsàn níwọ̀nba. Ìyá Àgbà se àgbo tó korò ju ewúro lọ. Ràmọ́nì, bàbá rẹ̀, gun alùpùpù dé Irawo lọ wá oyin ìgàn. Àwọn aládùúgbò ń kó orógbó wá. Áfáà fúnra rẹ̀ kọ kéwú sára wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì fi omi náà ránṣẹ́ sí i pé kó mu ún. Àsíátù mu gbogbo rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ń kùn, ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

"Ọlọ́hun á dá ohùn ọmọ mi padà," ni ìyá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Àsíátù jù.

Lọ́jọ́ kẹta, Àdìjátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i. Òun ni yóò kà tẹ̀ lé Àsíátù. Ẹnu Àdìjátù mú bí abẹ, kò sí olùkọ́ tí kì í sín jẹ ní sẹ́kọ́ńdìrì wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó jókòó jẹ́ẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí, Àsíátù. Mi ò rí oorun sùn dáadáa. Mo ti ń rò ó pé bí o bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ara mi á balẹ̀. Ní báyìí, èmi nìkan ni."

"Ìwọ náà?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Àsíátù kó tó mọ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Àdìjátù dìde fùú. "Ohùn rẹ ò há? Mo sunkún nítorí rẹ o! Mo gbàdúrà!" Ó fìbínú jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu Ìyá Àgbà tó ń gbé igbá àgbo mìíràn bọ̀.

Àsíátù bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bú u dáadáa, nítorí bíbú náà tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wá sílé ọkọ láti Ìwéré-Ilé, ẹ̀yìn àká ni mo sá pamọ́ sí. Kì í ṣe àbùkù pé ẹ̀rù bani, ọmọ mi. Bí agbọ̀n iṣu bá wúwo lórí wa lọ́nà oko, ṣé à ń dà á nù ni? Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn là ń pè kó bá wa sọ̀ ọ́. A ó sinmi, a ó mí dáadáa, á sì tún bá wa gbé e. Dìde, lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ."

Lẹ́yìn tí Àsíátù sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ó lọ bá Àdìjátù nílé wọn.

"Má bínú," ni Àsíátù wí. "Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

"Mo gbọ́," ni Àdìjátù fèsì. "Ṣùgbọ́n bí o bá tún yadi, èmi gan-an ni màá po àgbo rẹ!"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń kà sókè, níwájú ewúrẹ́ ná, lẹ́yìn náà níwájú àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́. Bí àyà ẹnì kan bá já, wọ́n á dúró, wọ́n á mí jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé, èrò kún fọ́fọ́. Àsíátù ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, àfi gbùrà tí orí rẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi ọ̀fun. Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Áfáà, àyà mi ń já. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀."

Bàbá arúgbó kan bá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mí, ọmọ mi! Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Èrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Àsíátù mí lẹ́ẹ̀mẹta, kéwú rẹ̀ padà wá, ó sì kà á dé òpin. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Bó ti kan Àdìjátù báyìí, ó gbé orí sókè, ó ní, "Èmi náà á kọ́kọ́ mí o!" Ẹ̀rín sọ lálá.

Láti ọdún náà, kò sí ọmọ tí yóò jókòó sórí ẹní Áfáà Bàṣírù tí Áfáà kò ní kọ́kọ́ sọ fún pé kó mí ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dá ìbẹ̀rù yín gbé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti ń wá ẹni tí yóò sọ tirẹ̀ fún.