Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ọkùnrin tí ó ṣílẹ̀kùn fún obìnrin aránṣọ kan wọ bàtà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lásán. Ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí òun pẹ̀lú wọ ẹyọ kan ṣoṣo.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ọmọ yìí ti gbé ìkejì bàtà rẹ̀ pamọ́. Èmi náà bọ́ tèmi, kí ojú má baà ti òun nìkan."

"Aṣebàtà tí kò rí bàtà wọ̀! Ọ̀rọ̀ yìí le o."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu aránṣọ kí ó tó rántí pé iṣẹ́ ni ó bá wá, iṣẹ́ tí kò gba owó lé lórí. Ilé ẹjọ́ ni ó fi í ṣe agbẹnusọ ọmọ náà nínú ẹjọ́ ibi tí yóò máa gbé, aláìníyàá tí aṣebàtà ń gbà tọ́. Ó sì ti búra pé òun kò ní bá alágbàtọ́ ṣe kọjá iṣẹ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ọmọ náà sọ ọ́ sí i létí: "Bí wọ́n bá ń mú mi lọ ilé mìíràn, wọ́n á ní kí n wọ bàtà. Bí n kò bá rí ìkejì, n kò lọ mọ́ nìyẹn."

Gbogbo Sátidé ni aránṣọ ń wá. Ó mọ òórùn awọ tí ó wà lára ọkùnrin náà. Ó mọ bí aṣebàtà ti máa ń há abẹ́rẹ́ sẹ́nu bí ó bá ń tẹ́tí sí ọmọ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí aránṣọ fi ń wolẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ sí i," yóò dìde. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, aṣọ a máa wọ́ lábẹ́ abẹ́rẹ́, nítorí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé.

Nígbà tí ó yá, ilé ẹjọ́ wá ìyá ìyá ọmọ náà rí. Ọjọ́ tí arúgbó yìí wá ni ọmọ fúnra rẹ̀ yọ bàtà kejì láti inú àpò ìrọ̀rí. "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí a jọ jáde!"

Aránṣọ rí i. Aṣebàtà rí i.

"Ẹ bá mi bẹ adájọ́, àǹtí. Ọmọ mi ni."

"Ẹnu ọmọ ni wọ́n fi mí ṣe, ọ̀gá. Wọn kò fi mí ṣe ẹnu yín."

Ní ilé ẹjọ́, aránṣọ ní kí ọmọ máa bá ìyá àgbà lọ. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Adájọ́ sì gbà. Aṣebàtà jáde láìwẹ̀yìn.

Ẹjọ́ parí, ìbúra parí, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí aránṣọ lọ sí ilé aṣebàtà. Sátidé ń dé, Sátidé ń kọjá, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà náà.

"Kò sí ọmọ níhìn-ín mọ́, àǹtí. Iṣẹ́ wo ni ẹ bá wá?"

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú?"

"Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti purọ́ nítorí mi, n kì bá lè wo ojú yín mọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà òsì rẹ̀, ó tì í wọ abẹ́ tábìlì iṣẹ́.

"Bí ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, ẹ bá mi wá a."

Aṣebàtà wo abẹ́ tábìlì pẹ́. Kò wá nǹkan kan. Ó jókòó, ó sì rọra bọ́ tirẹ̀.