Ẹja Inú Òkúta

Ìkòkò náà tún ti sán. Fábáyọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú yàrá, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí ewúrẹ́, kò sí adìẹ. Ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnkẹ́mi, nìkan ló kúnlẹ̀ ti àwọn àpáàdì, tó ń wo òkúta tó wà láàrin wọn.

"Ó tún ti tóbi sí i, Bàbá Mojí."

"Òkúta kì í dàgbà."

"Ẹ gbé e wò, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé."

Kò gbé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wálé láti ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì, nígbà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ẹ̀dá tó ti run kí ènìyàn tó dé ayé ni Fábáyọ̀ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Egungun ẹja kan wà nínú òkúta náà, ó nà gbalaja bí ẹni tó sùn.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìkún Odò Ògùn gbé Mojí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Láti fi tu ìyá ọmọ nínú, Fábáyọ̀ sọ ìtàn kan fún un láti inú ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù: ẹja kékeré kan bẹ ọkùnrin tó ń jẹ́ Mánù pé kó gba òun là. Mánù fi í sínú ìkòkò, ìkòkò kò gbà á mọ́, adágún kò gbà á, àfi òkun. Nígbà tí ìkún-omi wá pa ayé rẹ́, Mánù so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ìwo orí ẹja náà, ẹja sì fà á gúnlẹ̀. Fábáyọ̀ ní bóyá irú egungun báyìí làwọn ará àtijọ́ rí tí wọ́n fi pa ìtàn náà. Bóyá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹja gan-an ni wọ́n rí.

Ẹfúnkẹ́mi kò gbọ́ bóyá kankan. Yemọja ni wọ́n ń bọ nílé bàbá rẹ̀, inú omi ni wọ́n sì ń tọ́jú ọta, òkúta òrìṣà náà, sí. Ó gbé òkúta sínú ìkòkò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

"Odò ló kàn," ló wí báyìí.

"Ìtàn lásán ni mo pa, Ẹfúnkẹ́mi."

"Ọmọ lásán kọ́ ni mo bí."

Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ gbé e dé etí odò. Ẹfúnkẹ́mi so ọ̀já tó fi ń pọn Mojí mọ́ ọn, ó sì fi etí rẹ̀ kejì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọwọ́ yín le ju tèmi lọ. Ohun yòówù tó bá wá, ẹ má ṣe jọ̀wọ́ ọ̀já."

Òkúta rì. Omi pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀já le tantan, kò tẹ̀lé omi; ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ló dorí kọ. Fábáyọ̀ fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ọ̀já tún dẹ̀ wọ́ọ́, ohun kan sì di ìsàlẹ̀ ọ̀já mú, ó ń fi ọwọ́ kan lé èkejì, ó ń gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fábáyọ̀ mọ ìwúwo náà. Òun ló máa ń gba Mojí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí oorun bá ti gbé e lọ.

Nígbà náà ló rántí bó ti pẹ́ tó tí ọmọ náà ti wà nínú omi. Ó mọ ohun tí omi ń fi ara òkú ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ ọ́n.

Ó jọ̀wọ́ ọ̀já.

Àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ ni Ẹfúnkẹ́mi ń wò.

"Ṣé ó wúwo jù ni?" ló béèrè, jẹ́jẹ́.

"Rárá," ni Fábáyọ̀ wí. "Kò wúwo rárá."