Ẹ̀tù Bàbà àti Wàrà Ilé Wa

Ìgò ẹ̀tù dúdú kan ni mo gbé lọ sílé àwọn oníṣègùn ní ìlú Wai, ní Íńdíà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Shrirang, ọmọ wọn. Èébì ni ìyá mi ń bì láti ìgbà tó ti rà á lọ́jà tó ń lá a.

Shrirang bu díẹ̀ sínú wàrà kíkan. N kò tíì mu omi tí wọ́n fún mi tán tí wàrà fi di àwọ̀ ewé.

"Irin pupa tí à ń pè ní bàbà ni wọ́n sun," ó wí. "Iná kò jẹ ẹ́ dénú; ká ní ó jinná ni, wàrà ìbá ṣì funfun. Kí Màmá má lá a mọ́ o. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ báyìí."

Ara ìyá mi yá. Èmi ni ara mi kò balẹ̀ mọ́: ìfẹ́ adúmáadán, ọmọ ajíbánásọ̀rọ̀, ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Nígbà tí mo sọ pé Shrirang ni mo fẹ́ fẹ́, bàbá mi fi mí rẹ́rìn-ín. "Mandakini, ṣé èébì ìyá rẹ kò tó ni? Kí n fọmọ fún ẹni tó ń fi irin bọ́ aláìsàn?"

"Bàbá, ẹ lọ dán an wò. Ẹ gbé wàrà ilé wa dání."

Ó gbé e, bí ẹni gbé ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù. Shrirang bu ẹ̀tù tí òun àti bàbá rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta sun sí i. A jẹ ìrẹsì. Nígbà tí Shrirang ṣí àwo lójú èmi àti bàbá rẹ̀, kí bàbá mi tó fọwọ́ tán, àwọ̀ ewé ti yọ létí wàrà.

Olúwa, má dójú tì mí!

Bàbá Shrirang fẹ́ bò ó. "Òjò ló rin ìgbẹ́ màlúù tá a fi dáná ìkẹyìn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi mọ̀, Bàbá." Shrirang da gbogbo ẹ̀tù náà padà sínú ìkòkò iná. "Bàbá Mandakini, ẹ jàre lónìí. Ẹ padà wá lẹ́yìn Diwali, ọdún àtùpà."

Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, bàbá mi yíjú sí mi.

"Oògùn yẹn kò tíì jinná," ó wí. "Ọmọ yẹn ló jinná."

Òótọ́ kì í ṣìnà. Lẹ́yìn Diwali, a padà lọ dán ẹ̀tù náà wò, wàrà sì funfun báláú. Síbẹ̀, Shrirang ní wàrà kò lè fi òjé, májèlé inú irin, hàn. Ó gbé ẹ̀tù náà lọ fáwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ oògùn wò. Èsì rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ìgbéyàwó wa, bàbá mi po ṣúgà mọ́ wàrà, bí a ti í ṣe fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ohun rere. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sẹ́nu ọkọ mi.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Èyí kì í ṣe ìdánwò."