Alífà Tí Ó Ga Ju Gègé Lọ

"Bí alífà rẹ ṣe ń tẹ̀ yìí, àkàbà ni a ó fi tì í kí ó má baà ṣubú." Ọmọbìnrin kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n náà ni ó sọ ọ́ ní Alífà Wíwọ́.

Bàbá àgbà wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì fún ọ̀ṣọ́ mọ́ṣáláṣí, ti yan ọmọbìnrin náà pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó pàṣẹ kíkà, "Kàwé!" ní èdè Lárúbáwá, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé àwọn ọmọdé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò ṣí yàrá náà. Alífà, lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí ó yẹ kí ó dúró ṣánṣán, kò gbọ́ràn sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá àgbà lọ kírun, ọmọbìnrin náà fa iṣẹ́ bàbá náà àtijọ́ kan yọ láti inú àpótí, ó fi bébà fẹ́lẹ́ bò ó lójú fèrèsé, ó fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀, ó sì fi tàdáwà kún un. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sáré gbé e lọ fi han bàbá àgbà nígbà tí ó dé.

Bàbá àgbà yin ọmọbìnrin náà, ó sì ní kí ó mú gègé rẹ̀ wá. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹnu gègé ni a fi ń wọn lẹ́tà: bí a bá fi gègé kan náà tẹ àmì ẹnu rẹ̀ méje léra wọn, ibẹ̀ ni orí alífà gbọ́dọ̀ mọ. Bàbá tò wọ́n. Àyà alífà náà ni wọ́n dé. Gègé tí ó tóbi ju ti ọmọbìnrin náà lọ ni Bàbá fi kọ ti àtijọ́.

"Ta ni ó ni alífà yìí, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Kò bínú. Ó ṣàlàyé fún un pé awọ àti egungun ni àwọn ará ìṣáájú kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì sí, kí ó má baà sọnù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn lẹ́tà, kí òǹkàwé má baà ṣì í kà. Nítorí pé wọn kì í ya àwòrán sí ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ di ọ̀ṣọ́. "Ọlá ọ̀rọ̀ ni a ń kọ, kì í ṣe ọlá akọ̀wé."

Wọ́n ṣí yàrá ìkàwé náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn fún iṣẹ́ ọmọbìnrin náà sì ṣófo. Ọmọbìnrin náà rí i, ó padà sídìí gègé rẹ̀.

Nígbà tí tirẹ̀ parí, ó kéré, ṣùgbọ́n àmì méje gègé rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbé àkàbà wá. "Ilẹ̀kùn ni mo gbé e wá fún," ni ó wí, "alífà ti dá dúró."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwọ̀n ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ó ga tó, kò lè bá gègé yín mu.